Ẹ wo ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo iyì ẹ̀: ọ̀rọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tá a fẹ́ fi gba DVD wa là

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé kámẹ́rà kiri òde àríyá n'Ìbàdàn yìí, mo kí gbogbo yín. Àwọn tí ò ráyè dé gbọ̀ngàn ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Sátidé ló ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ yìí síbí, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, ibi tí mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà, mo fi í síbẹ̀ náà.

Ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé, ta ló ní pléètì DVD ìgbéyàwó ẹ̀ nílé, àbí ti ìsìnkú bàbá tàbí ìyá ẹ̀? Ọwọ́ tó lọ sókè pọ̀ gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀. Mo wá ní kẹ́ni tó bá ti wò ó láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn fi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ lókè kí àwọn yòókù sọ tiwọn kalẹ̀. Ọwọ́ mẹ́ta péré ló kù. Ẹ̀rọ DVD tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́ tipẹ́, láptọ́ọ̀pù tuntun táwọn ọmọ ń lò ò níbi tí wọ́n ń ki pléètì bọ̀, fóònù ò sì mọ nǹkan tó ń jẹ́ pléètì, torí náà fídíò yẹn kàn wà nínú dúrọ́ọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, ó wà láàyè àmọ́ ò sẹ́ni tó ń rí i. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé kò ní wà láàyè títí.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan láti Òkè-Àdó gbé pléètì méje wá bá mi nínú náílọ́ọ̀nù dúdú. Ìsìnkú bàbá wọn ni, 2006 ni wọ́n ṣe é. Mẹ́rin ṣí dáadáa. Méjì ṣí, àmọ́ tó bá ti dé àárín, àwòrán á dì gbagidi, ohùn á máa já. Ìkeje ò ṣí rárá, láptọ́ọ̀pù mi kàn ń yí i lẹ́nu ṣáá ni, ó ń dún kẹ́ẹ́ kẹ́ẹ́, kò rí nǹkan kan kà. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ìyẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ wá o, ẹ̀gbọ́n mi ló ki bàbá wa níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi náà sì ti lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láptọ́ọ̀pù Dell àtijọ́ kan wà nílé mi tí mo ti ń wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ mi, mo ki pléètì náà bọ ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀. Sọ́fúwíà tí mo lò ń jẹ́ ddrescue, orí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni, bó sì ṣe ń ṣe é ni pé ibi tó bá rọrùn láti kà ló máa kọ́kọ́ kó, ibi tó bá le á fò ó ná, á padà síbẹ̀ tó bá yá, gbogbo ibi tó bá sì dé ló ń kọ sínú fáìlì kékeré kan kó má baà gbàgbé, tó fi jẹ́ pé ẹ lè yọ pléètì kúrò nínú dráìfù àkọ́kọ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ń ki pléètì bọ̀, kẹ́ ẹ gbé e sínú dráìfù míì, kó máa bá iṣẹ́ lọ níbi tó kù. Òru méjì gbáko ni. Dráìfù kìíní kó apá kan, ìkejì rí ibi tí ojú tàkọ́kọ́ ò tó. Nígbà tí ìyá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wọn tó ń pe bàbá wọn lóríkì, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú.

Àtìgbà yẹn, tẹ́nì kan bá bi mí pé láptọ́ọ̀pù wo ni kóun rà tóun fẹ́ máa fi bọ́ọ̀nù DVD, ìyẹn kó máa kọ fídíò sínú pléètì, tóun sì fẹ́ máa fi kó èyí tó wà nínú pléètì pa mọ́, mi ò kí ń kọ́kọ́ dárúkọ processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fún un. Ẹnu láptọ́ọ̀pù yẹn ni mo kọ́kọ́ ń bi í, ìyẹn dráìfù. Lẹ́yìn ìyẹn, bátìrì. Lẹ́yìn ìyẹn, àyè tó ní láti kó nǹkan sí. Processor ló kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ìdí tí pléètì fi ń kú, torí tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀. Pléètì fíìmù tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe, ṣe ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àmì sínú ẹ̀ bí ẹni tẹ òǹtẹ̀. Èyí táwa fídíò-mán bọ́ọ̀nù fún yín ò rí bẹ́ẹ̀, aró ló wà nínú tiwa. Iná lésà ló ń jó aró yẹn ní ojú tíntìntín, ojú tó jó àtojú tí ò jó ló di àwòrán àti ohùn. Ẹ sì mọ bí àdìrẹ ṣe máa ń ṣá tẹ́ ẹ bá ń sá a sóòrùn lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni aró inú pléètì, oòrùn àti ooru ló ń pa á, pléètì tó wà lójú fèrèsé tàbí nínú mọ́tò lábẹ́ oòrùn Ìbàdàn yìí, ẹ má retí kó pẹ́. Ti ìfarapa tún wà níbẹ̀, ti eruku ọyẹ́ wà níbẹ̀, ti àwọn tó ń fi bíró kọ orúkọ sórí ẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọjà.

Yálà Queen Cinema lẹ lọ o, yálà Ìwó Road, ohun tẹ́ni tó ń tà á máa kọ́kọ́ kì fún yín ni i5, i7 tó jẹ́ orúkọ processor, SSD tó jẹ́ ibi ìkó-nǹkan-sí tó yára, "ẹ̀rọ yìí ń fò ni, bọ̀ọ̀dá". Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ bá wá nìyẹn. Bíbọ́ọ̀nù DVD ò fẹ́ agbára púpọ̀. Eré 1x tí wọ́n ń sọ fún DVD, bíi 1.385 MB ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 8x tó jẹ́ eré tí ọ̀pọ̀ dráìfù láptọ́ọ̀pù ń sá ò ju bíi 11 MB lọ, kọ̀ǹpútà ọdún 2008 á ṣe é láì làágùn. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iyì orúkọ tà yín ní láptọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ò lẹ́nu. Apple yọ dráìfù kúrò nínú MacBook Pro Retina ní 2012, àwọn tó kù náà sì yọ tiwọn díẹ̀díẹ̀, kí tiwọn lè fúyẹ́ kó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú tòkunbọ̀ tó wà nígboro, ThinkPad T430, Dell Latitude E6430 àti HP EliteBook 8470p, gbogbo wọn ni wọ́n ṣe àyè dráìfù sí. Àmọ́ EliteBook 840, ThinkPad T450 tàbí Latitude E7440, ẹ̀rọ tó dáa ni gbogbo wọn o, kò kàn sí dráìfù níbẹ̀ ni, ẹ má wulẹ̀ yí i wò lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Pé àyè dráìfù wà níbẹ̀ ò túmọ̀ sí pé dráìfù wà nínú ẹ̀, ibi tí wọ́n ti máa ń rí wa mú nìyí. Àwọn kan ti yọ ọ́, wọ́n fi ike lásán dí ojú ibẹ̀. Àwọn kan ti fi hádì dísìkì kejì sí àyè ẹ̀. Òmíì, dráìfù wà níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ kíkà nìkan ló mọ̀, kò lè kọ nǹkan kan, DVD-ROM lorúkọ ìyẹn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tẹ Windows àti X pa pọ̀, ẹ mú Device Manager, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ DVD/CD-ROM drives sí. Ẹ máa rí orúkọ bíi MATSHITA, Panasonic nìyẹn, tàbí HL-DT-ST tó jẹ́ ti Hitachi àti LG, tàbí TSSTcorp tó jẹ́ ti Toshiba àti Samsung. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, ohun tó tẹ̀ lé orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Tẹ́ ẹ bá rí DVDRAM, tàbí DVDRW, tàbí CDDVDW, á kọ. Tẹ́ ẹ bá rí DVD-ROM nìkan, kò lè kọ, bó ti wù kó dán tó.

Àyẹ̀wò tó wá ju gbogbo ẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ gbé pléètì méjì dání lọ sọ́jà, òfìfo kan, àti èyí tó ti pẹ́ nílé kan. Ẹ fi ti ilé sí i kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa kà á, ẹ wá bọ́ọ̀nù nǹkan sínú òfìfo yẹn lójú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ sì ṣí i wò. Ó máa tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ò bá fẹ́ kẹ́ ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nídìí ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó gidi lé lórí, ẹ kúrò nídìí ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ lọ́jà. Mo fi ọkàn mi sọ ọ́, torí mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kó gbogbo owó èésú tó dá sórí láptọ́ọ̀pù kan, tó wá délé tó rí i pé ike ló wà níbi tó rò pé dráìfù wà.

Nǹkan kékeré kan nípa tòkunbọ̀. Dráìfù DVD máa ń ní region, ìyẹn ni pé apá ibi tí wọ́n ti tà á láyé ló ń dá mọ̀. Amẹ́ríkà jẹ́ 1, ìlú Ọba jẹ́ 2, tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 5. Tẹ́ ẹ bá wá fi fíìmù tí wọ́n rà láti ibòmíì sí i, ó lè ní kẹ́ ẹ yí region padà, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré sì lẹ lè yí i, lẹ́yìn náà ó ti dúró síbẹ̀ nìyẹn. Pléètì òde àríyá wa ò ní region, torí náà tó bá bi yín, ẹ má kàn máa tẹ OK.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ní láptọ́ọ̀pù tó dáa nílé tí ò lẹ́nu ńkọ́? Ẹ má tà á. Ẹ ra dráìfù ìta tó ń fi wáyà USB ṣiṣẹ́. USB 2.0 gan-an ti yára ju ohun tí DVD nílò lọ. Iná tó ń gbà ló máa ń fa wàhálà, torí ihò USB 2.0 kan, 500 mA ló yẹ kó fún un, USB 3.0 ń fún un ní 900 mA, tí iná ò bá sì tó, dráìfù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ á sì dá a dúró lójijì. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ní wáyà olórí méjì, ẹ ki méjèèjì bọ láptọ́ọ̀pù, ẹ má fi ìkan sílẹ̀ kó máa ṣe fàájì. Ní tèmi o, ẹni tó ní pléètì mẹ́wàá sí ogún nílé, dráìfù ìta tó o. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ fídíò jẹun, kó ní èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù kó tún ní ti ìta, torí ohun tí mo sọ nípa pléètì ìyá Òkè-Àdó yẹn, ojú dráìfù kan kì í rí gbogbo nǹkan.

Ọ̀rọ̀ bátìrì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Ìbàdàn, kí ni mo tún fẹ́ sọ fún yín nípa iná? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ń bọ́ọ̀nù pléètì ìgbéyàwó kan lálẹ́, ó ti dé 80 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n bá mú iná lọ, láptọ́ọ̀pù mi ò sì ní bátìrì tó lè gbé e ju ìṣẹ́jú kan lọ. Pléètì yẹn di ohun tí wọ́n ń fi lé ẹyẹ lóko. DVD-R àti DVD+R, ìyẹn àwọn pléètì òfìfo tá a máa ń bọ́ọ̀nù, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń jó aró yẹn, tó bá dúró lágbedeméjì, pléètì yẹn ti lọ nìyẹn. Àwọn kan á ní ṣé dráìfù òde òní ò ní ohun tó ń dáàbò bò ó ni? Ó ní in, àmọ́ ohun tíyẹn wà fún ni ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń fa ẹsẹ̀ láti gbé fáìlì wá, kì í ṣe ìgbà tí iná bá kú. Torí náà, ẹ yẹ bátìrì wò kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, á ṣe ìwé kan fún yín, ẹ wo Design Capacity, ìyẹn bí bátìrì ṣe lágbára tó nígbà tí wọ́n ṣe é, ẹ wá wo Full Charge Capacity, ìyẹn bó ṣe kù. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 60,000 tí ìkejì wá jẹ́ 20,000, ìdá kan nínú mẹ́ta ló kù. Ẹ fi ìyẹn ná an, tàbí kẹ́ ẹ ra bátìrì míì sí i.

Ti àyè. Pléètì tí wọ́n kọ 4.7 GB sí, Windows máa pè é ní 4.38, kì í ṣe jìbìtì, bí wọ́n ṣe ń kà á ló yàtọ̀. Èyí tó ní ìpele méjì (dual layer) tí wọ́n kọ 8.5 sí á jẹ́ bíi 7.95. Ọgọ́rùn-ún pléètì tó kún jẹ́ bíi 440 GB, hádì dísìkì 500 GB tí Windows á sì pè ní 465, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nìyẹn. Ẹ ra ti ìta 1 TB. Kẹ́ ẹ fi SSD kékeré sínú láptọ́ọ̀pù kó máa yára, kẹ́ ẹ fi hádì dísìkì ìta kó fídíò pa mọ́, ohun tí èmi ń ṣe nìyẹn. Ẹ sì ṣọ́ra fún fláàṣì tí wọ́n fọ́mátì sí FAT32, ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì, kì í gba fáìlì kan tó bá ju 4 GB lọ, àwọn èèyàn á rò pé fláàṣì ló bàjẹ́, kò bàjẹ́, ẹ kó ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò ná, ẹ wá fọ́mátì ẹ̀ sí exFAT.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kó pléètì wọlé, ẹ má kàn da fáìlì VOB, àwọn fáìlì fídíò inú DVD, wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń da gàrí sínú àpò. Ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ ní ISO, fáìlì kan ṣoṣo tó jẹ́ àwòrán odindi pléètì náà, pẹ̀lú gbogbo mẹ́nù ẹ̀. Sọ́fúwíà tó ń jẹ́ ImgBurn ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. VLC máa ṣí i fún yín, torí Windows 10 fúnra ẹ̀ ò kí ń ṣí fíìmù DVD. Lẹ́yìn ìgbà tí ISO bá ti wà nílẹ̀ lẹ tó lè fi sọ́fúwíà HandBrake sọ ọ́ di MP4 táwọn ọmọ lè wò lórí fóònù. Ibí yìí gan-an ni processor ti wúlò, torí yíyí fídíò padà ló ń jẹ agbára. Processor Intel tó bá ti jẹ́ ìran kejì ti 2011 sókè ní Quick Sync tó ń jẹ́ kó yá, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó má baà jẹ́ èyí tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n àwòrán ẹ̀ sílẹ̀ ní 720 sí 576 tó wà, ẹ má fẹ̀ ẹ́ dé 1080, kò sí ohun tí kámẹ́rà ò rí nígbà yẹn tí kọ̀ǹpútà máa wá rí báyìí, fáìlì á kàn tóbi lásán ni.

Ẹnì kan na ọwọ́ níbí, ó ní ṣé ó lè fi ọ̀nà yìí kó fíìmù tó rà lọ́jà kó sì máa bọ́ọ̀nù ẹ̀ tà. Mo ní rárá o. Fíìmù táwọn èèyàn wa fi owó àti òógùn ṣe, tẹ́nì kan bá ń dà á kọ tà, olè ni, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà ò sì fọwọ́ sí i. Bí iṣẹ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa kan ṣe bàjẹ́ nìyẹn, ojú mi ló ṣe. Ti ilé yín, ti ìdílé yín, ti oníbàárà tó bẹ̀ yín níṣẹ́, ohun tí mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ́ọ̀nù tuntun, ẹ lo 4x tàbí 8x, ẹ má wá èyí tó yára jù. Ẹ mú "Verify", kó padà kà á wò lẹ́yìn tó bá kọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀, ìyẹn "finalise", bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ DVD ìyá àgbà lábúlé ò ní ṣí i. Ẹ má lẹ bébà mọ́ ọn lójú. Tẹ́ ẹ bá ń nù ún, láti àárín lọ sí etí ni, ẹ má yí i po. Ẹ to pléètì lóòró nínú ilé ẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ kó o léra wọn bí àwo oúnjẹ. Pléètì kan wà tó ń jẹ́ M-DISC, wọn ò fi aró ṣe é, ohun tó dà bí òkúta ló wà nínú ẹ̀, torí náà ó le ju tiwa lọ, àmọ́ dráìfù tó bá ní àmì ẹ̀ nìkan ló lè kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dráìfù DVD yòókù lè kà á.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ ní mẹ́ta nínú nǹkan kan náà: ìkan nínú hádì dísìkì, ìkan nínú pléètì tuntun, ìkẹta kó má sí nílé yín rárá, kó wà lọ́dọ̀ àbúrò ní Ọ̀yọ́ tàbí lọ́dọ̀ ọmọ l'Ékòó. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ò jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ tán. Bàbá kan dìde, ó ní òun mọ ohun tí mò ń sọ, Ògùnpa, 31 August 1980, omi yẹn kó èèyàn lọ, ó kó ilé lọ, fọ́tò ìgbéyàwó òun àti ìyàwó òun wà nínú ohun tó gbé lọ, kò sì sí ìkejì ẹ̀ níbì kankan. Gbogbo ilé dákẹ́. Mi ò ní ohun tí mo lè fi kún ọ̀rọ̀ bàbá.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ìyá kan ní fíìmù VHS ni tòun, kì í ṣe DVD, ṣé ó ti bọ́ nìyẹn? Kò tíì bọ́, mà. Ẹ̀rọ VHS tó ṣì ń ṣiṣẹ́ la máa kọ́kọ́ wá, pẹ̀lú wáyà USB tó ń gba àwòrán wọlé, àmọ́ ẹ má ki kásẹ́ẹ̀tì yẹn bọ ẹ̀rọ kankan tí a bá rí i pé funfun-funfun ti hù lára téèpù ẹ̀, ó máa ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́, ó sì máa ba orí ẹ̀rọ jẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, mò ń gbé láptọ́ọ̀pù kan àti dráìfù méjì wá sí gbọ̀ngàn kan náà, láago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ gbé pléètì yín wá, ẹ fi aṣọ tó rọ̀ wé e, ẹ má fi sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò.